Kọ́ọ̀pù Kéèkì Tí Ó Ní Ohun Inú: Bí A Ṣe Ń Yan Án Nílé fún Ọjọ́ Ayẹyẹ

Ọ̀rọ̀ àsọyé ti òní dá lórí kọ́ọ̀pù kéèkì, èyíinì ni kéèkì kékeré tí a yan sínú ife oníbébà, tí kò tóbi ju ohun tí ẹnì kan lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Kì í sì í ṣe kọ́ọ̀pù kéèkì lásán ni ọ̀rọ̀ náà kàn, bí kò ṣe èyí tí a gbẹ́ ihò sí láàárín, tí a sì fi jáàmù, kọ́sítáàdì tàbí èso tí a sè pẹ̀lú ṣúgà dí ihò náà. Ohun tí a fi dí i yìí ni àsọyé yìí yóò máa pè ní ohun inú. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń fẹ́ ṣe é fúnra wọn nígbà tí ọjọ́ ìbí ọmọ, ìsọmọlórúkọ tàbí àyájọ́ ìgbéyàwó bá ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń bá a pé kéèkì ti rì láàárín, tàbí pé jáàmù ti ṣàn lọ sí ìdí ife, tàbí pé kọ́sítáàdì ti kan kí àlejò tó jókòó. Orísun kan náà ni gbogbo àbùkù wọ̀nyí sábà máa ń ní: ẹni tí ó ṣe é kò rántí pé oúnjẹ méjì ni kọ́ọ̀pù kéèkì yìí, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní òfin tirẹ̀, àti pé ìgbà tí àwọn méjèèjì bá tutù tán nìkan ni ó yẹ kí wọ́n pàdé.

Oúnjẹ tí a fi nǹkan pamọ́ sí nínú kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, tí a fi ẹyin sísè, ẹja, edé àti àwọn nǹkan mìíràn sí nínú, jẹ́ oúnjẹ ìṣàlejò tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ẹni tí a bá sì gbé e fún mọ̀ pé wọ́n ka òun sí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀mí inú mọ́ínmọ́ín máa ń bá ẹ̀wà lílọ̀ wọ inú ewé kí ó tó dórí iná, nítorí pé ẹyin tí ó ti jinná àti ẹja kì í yọ́ nínú ooru. Bí a bá fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú jáàmù, tí a dà á sí àárín kéèkì tútù kí a tó gbé e sínú ófẹ̀n, jáàmù náà, tí ó wúwo ju kéèkì tí kò tíì jinná lọ, yóò rì lọ sí ìsàlẹ̀, yóò hó níbẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ bébà. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ́kọ́ yan kéèkì tán pátápátá kí a tó wá àyè fún ohun inú rẹ̀.

Ìtàn kéèkì kékeré yìí gùn díẹ̀. Ní ọdún 1796, Amelia Simmons tẹ ìwé kan tí ó pè ní American Cookery jáde ní ìlú Hartford ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì júwe nínú rẹ̀ kéèkì fífúyẹ́ kan tí a ó yan sínú àwọn ife kéékèèké. Ní ọdún 1828, Eliza Leslie náà kọ nípa irú kéèkì bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà kò ní òṣùwọ̀n oníwúwo, ife ni wọ́n sì fi ń wọn èròjà: ife bọ́tà kan, ife ṣúgà méjì, ife ìyẹ̀fun mẹ́ta àti ẹyin mẹ́rin, ìlànà tí ó rọrùn fún ọmọdé pàápàá láti há sórí.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù nínú ìtàn yìí ni Alfred Bird, onímọ̀ kẹ́míkà tí ó ń ta oògùn ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Elizabeth, ìyàwó rẹ̀, kò lè jẹ ẹyin nítorí pé ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jẹ ohunkóhun tí a fi ìwúkàrà mú wú. Nítorí obìnrin yìí ni Bird ṣe wá ọgbọ́n dá, tí ó fi ìyẹ̀fun àgbàdo ṣe kọ́sítáàdì tí kò ní ẹyin nínú ní ọdún 1837, tí ó sì ṣe bekin páúdà ní ọdún 1843, kí búrẹ́dì lè wú láìsí ìwúkàrà. Ọkọ tí ó ń wá oúnjẹ tí aya rẹ̀ lè jẹ ni ó tipa bẹ́ẹ̀ mú ohun méjì wá sáyé, ọ̀kan tí ń gbé kéèkì dìde àti ọ̀kan tí a lè fi sí inú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti di ohun tí a ń rí lórí àtẹ ní ọjà gbogbo láti Èkó dé Kútọnu. Ní ti kéèkì tí a fi nǹkan sínú fún títà, ilé-iṣẹ́ Hostess ní Amẹ́ríkà, tí ó ti ń ta kọ́ọ̀pù kéèkì oníṣokoléètì láti ọdún 1919, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpara funfun sí àárín tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1950. Ẹ̀rọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Nínú ilé, ọwọ́ àti ojú ni yóò ṣe é.

Ohun àkọ́kọ́ tí kéèkì ń béèrè ni ìwọ̀n. Kóńgò àti agolo dára fún ìrẹsì àti gàrí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà bu ìyẹ̀fun, bóyá a rọra bù ú tàbí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lè mú kí agolo kan náà wúwo lónìí ju àná lọ, kéèkì kò sì ní agbára láti fara da irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n kékeré tí ó ń fi gíráàmù hàn ni ó tọ́. Ìlànà tí ó rọrùn jù fún kọ́ọ̀pù kéèkì méjìlá ni pé kí èròjà mẹ́rin wúwo bákan náà: bọ́tà gíráàmù 150, ṣúgà gíráàmù 150, ìyẹ̀fun àlìkámà, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fúláwà, gíráàmù 150, àti ẹyin gíráàmù 150 lẹ́yìn tí a ti fọ́ ọ kúrò nínú èèpo. Ẹyin ńlá mẹ́ta sábà máa ń tó ìwọ̀n yìí, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹyin inú páálí kan náà lè yàtọ̀ síra, ó sàn kí a fọ́ ọ sínú abọ́, kí a sì gbé abọ́ náà sórí òṣùwọ̀n. A ó fi ṣíbí tíì kan àtààbọ̀ bekin páúdà, ìwọ̀nba iyọ̀, fánílà díẹ̀ àti ṣíbí ìjẹun méjì mílíìkì kún un.

Bọ́tà àti ṣúgà ni a kọ́kọ́ ń pò pọ̀, iṣẹ́ yìí sì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Bí a ti ń pò wọ́n, hóró ṣúgà ń gún bọ́tà, ó ń ṣí àwọn ihò tíntìntín sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń kún inú àwọn ihò náà. Ìdí nìyẹn tí àpòpọ̀ náà fi ń funfun sí i, tí ó sì ń fúyẹ́ sí i lójú ẹni tí ó ń pò ó. Bekin páúdà kì í dá ihò tuntun sílẹ̀ nígbà tí ó bá yá. Àwọn ihò wọ̀nyí ni yóò mú tóbi, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá po bọ́tà àti ṣúgà tó kò tíì fún bekin páúdà ní ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́. Ọmọrogùn yóò ṣe é ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rọ ìpo-kéèkì yóò sì ṣe é ní ìdajì àkókò náà. Ní ilẹ̀ olóoru, ewu mìíràn wà níbẹ̀: bọ́tà tí ó ti ń di òróró nínú abọ́ kò lè di afẹ́fẹ́ mú. Bí àpòpọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dán, tí ó sì ń ṣàn dípò kí ó dúró lórí ṣíbí, kí a gbé abọ́ náà lé orí omi tútù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a sì tún máa pò ó lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ẹyin tí a ti lù yóò wọlé díẹ̀díẹ̀, nítorí pé omi ni ó pọ̀ jù nínú ẹyin, bọ́tà sì jẹ́ ọ̀rá. Bí a bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí ó bá ti inú fìríìjì bọ́ sínú abọ́ tààrà, àwọn méjèèjì yóò yà kúrò lára wọn, àpòpọ̀ náà yóò sì dà bí ẹni pé ó ti kan. Ṣíbí ìyẹ̀fun kan ń dá a padà sípò. Ìyẹ̀fun tí ó kù, tí a ti fi asẹ́ jọ̀ pẹ̀lú bekin páúdà àti iyọ̀, ni yóò wọlé gbẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀sọ̀ ti ń di ọ̀ranyàn. Nínú àlìkámà ni èròjà amáradàgbà kan wà tí à ń pè ní gúlúténì, tí ó máa ń fà bí rọ́bà bí omi bá kàn án tí a sì ń pò ó. Búrẹ́dì nílò rẹ̀, nítorí náà ni a ṣe ń po búrẹ́dì tagbáratagbára; kéèkì kò fẹ́ ẹ púpọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko, kò sì sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ ju inú abọ́ kéèkì lọ: kí a fi ṣíbí yí ìyẹ̀fun náà mọ́ra láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí a sì dáwọ́ dúró ní kété tí funfun rẹ̀ kò bá hàn mọ́. Mílíìkì ni a ó fi rọ̀ ọ́ níkẹyìn.

Bekin páúdà jẹ́ àpapọ̀ sódà, èròjà kíkan gbígbẹ àti sítáàṣì tí kì í jẹ́ kí àwọn méjì àkọ́kọ́ bára wọn jà kí àsìkò tó tó. Bí omi bá kàn án, tí ooru sì tẹ̀lé e, sódà àti èròjà kíkan yóò pàdé, wọn yóò sì tú afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì jáde, èyí tí ń fẹ ihò inú kéèkì. Nítorí náà, páúdà tí ó ti pẹ́ lórí àtẹ tàbí tí ọ̀rinrin ti wọ̀ ti lo agbára rẹ̀ tán kí ó tó dé ilé ìdáná. Ìdánwò rẹ̀ kò le: kí a bu díẹ̀ sínú omi gbígbóná, bí kò bá hó yàà lójú ẹsẹ̀, kí a má lò ó. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé púpọ̀ rẹ̀ ni yóò mú kéèkì ga jù, nítorí pé ihò tí ó bá fẹ̀ jù yóò bẹ́, kéèkì yóò sì rì láàárín.

Ófẹ̀n gbọ́dọ̀ ti gbóná kí àpòpọ̀ tó ṣe tán, kí ooru rẹ̀ sì jẹ́ 180°C, èyí tí ó bá nọ́ńbà 4 mu lára ófẹ̀n oníná gáàsì tí ó ní nọ́ńbà. Ife oníbébà méjìlá yóò jókòó sínú páànù oníhò, a ó sì bu àpòpọ̀ sí wọn dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí àyè lè wà fún un láti wú. Láàárín ìṣẹ́jú 18 sí 22, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹyin yóò dì, tí sítáàṣì inú ìyẹ̀fun yóò mu omi, tí àwọn méjèèjì yóò sì di ògiri tí ó gbé àwọn ihò náà ró. Ẹni tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn ófẹ̀n kí ìṣẹ́jú 15 tó pé ń fi atẹ́gùn tútù lu ilé tí ògiri rẹ̀ kò tíì gbẹ. Bí a bá fi igi ìtayín gún àárín kéèkì tí ó jáde ní mímọ́, tí orí kéèkì sì dìde padà nígbà tí ìka tẹ̀ ẹ́, ó ti jinná.

Ilé tí kò ní ófẹ̀n kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ náà kọjá òun. Ìkòkò ńlá tí ó nípọn, tí a da iyanrìn mímọ́ gbígbẹ sí nísàlẹ̀, tí a sì dé e pa lórí iná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò ṣe iṣẹ́ ófẹ̀n, bí ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́. Iyanrìn ń pín ooru kiri, kò sì ní jẹ́ kí iná jó ìdí kéèkì. Ṣùgbọ́n kí páànù má ṣe kan iyanrìn tààrà, kí ìdérí má ṣe jò, kí iná má sì pọ̀. Yóò pẹ́ díẹ̀ ju ti ófẹ̀n lọ, orí rẹ̀ kì yóò sì pọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yóò jinná dáadáa.

Bí kéèkì bá jáde, kí ó lo ìṣẹ́jú márùn-ún nínú páànù, kí a sì kó o sórí àwọ̀n onírin kí oru lè ráyè jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Nǹkan bí wákàtí kan ni yóò gbà kí ó tó tutù dé inú. Kéèkì gbígbóná ń fọ́ bí a bá fi ọ̀bẹ kàn án, ooru rẹ̀ sì ń yọ́ ohun inú di omi tí kéèkì yóò mu, tí yóò fi dà bí ohun tí kò jinná. Sùúrù wákàtí kan yìí ni ọ̀pọ̀ kò ní, òun gan-an ni ó sì ń ya kéèkì tí ó yẹ àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ń tọrọ àforíjì lé lórí.

Ní ti ohun inú, èso tí ó wà nítòsí ni ó dára jù. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó gíráàmù 300 tí a gé wẹ́wẹ́, pẹ̀lú ṣúgà gíráàmù 75, ni a ó gbé sórí iná jẹ́jẹ́, tí a ó sì máa rò ó títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ dé ìwọ̀n tí ó jẹ́ pé bí a bá fi ṣíbí fa ìlà kọjá nísàlẹ̀ ìkòkò, ìlà náà yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó tó pa dé. Omi ni ọ̀tá kéèkì níhìn-ín. Èso tí ó bá ṣì ń ṣomi yóò rin kéèkì gbindin. Kí a má sì fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù rọ́pò èyí tí a sè, pàápàá bí mílíìkì bá wà nínú ohun inú, nítorí pé èròjà kan tí à ń pè ní bromelain wà nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù, tí ó máa ń fọ́ èròjà amáradàgbà inú mílíìkì tí yóò fi korò, ooru iná sì ni ó ń pa agbára rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́sítáàdì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé èyí tí a ń mu láàárọ̀ ti ṣàn jù. Kí a fi mílíìkì díẹ̀ tí ó tutù po páúdà kọ́sítáàdì gíráàmù 25 àti ṣúgà gíráàmù 25 kúnná, kí a dà á sínú èyí tí ó kù nínú mílíìkì mìlílítà 200 tí ó ti gbóná lórí iná, kí a sì máa rò ó láìdáwọ́dúró títí yóò fi hó tí yóò sì ki bí ẹ̀kọ tí ó fẹ́ dì. Kí a tẹ́ ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) mímọ́ lé ojú rẹ̀ gan-an, kí ọ̀rá náà kàn án, kí ìpele líle má baà bò ó, kí a sì gbé e sínú fìríìjì bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Wàyí o, àsìkò ìpàdé àwọn méjèèjì dé. Ọ̀bẹ kékeré tí ó mú ni a ó fi gé òbìrìkìtì tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì àtààbọ̀ sí àárín orí kéèkì, kí ẹnu ọ̀bẹ dà díẹ̀ sí inú, kí ó sì wọlé tó ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n kí ó má dé ìdí, nítorí pé ìdí kéèkì ni yóò gbé ohun inú dúró. Èyí tí a gé náà yóò jáde bí òkòtó. A ó gé ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kúrò, orí rẹ̀ pẹlẹbẹ ni a ó fi ṣe ìdérí. Ṣíbí tíì kan ohun inú, tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti tó. A lè rọ ọ́ sínú ọ̀rá tí a gé igun rẹ̀, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ihò náà láìda ẹnu kéèkì rú. Bí a bá dá ìdérí padà, tí a sì fi bọ́tà gíráàmù 100 tí a pò mọ́ ṣúgà lẹ́búlẹ́bú gíráàmù 200 bo orí rẹ̀, ojú kan kò ní mọ ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá títí di ìgbà tí eyín bá dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlera kò ṣeé fi sílẹ̀. Jáàmù àti èso tí a sè pẹ̀lú ṣúgà máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó bàjẹ́, nítorí pé ṣúgà kì í jẹ́ kí kòkòrò rí omi lò, ṣùgbọ́n kọ́sítáàdì jẹ́ mílíìkì, kò sì gbọdọ̀ wà níta fìríìjì ju wákàtí méjì lọ, tàbí wákàtí kan bí ooru ọjọ́ náà bá ju 32°C lọ. Nítorí náà, ayẹyẹ tí yóò wáyé lábẹ́ àtíbàbà lọ́sàn-án ni ọ̀pẹ̀ òyìnbó yẹ, èyí tí yóò wáyé nínú ilé tí fìríìjì ti ń ṣiṣẹ́ sì lè gba kọ́sítáàdì. Kí olùgbàlejò sì máa sọ ohun tí ó wà nínú kéèkì fún àlejò kí wọ́n tó jẹ ẹ́, nítorí pé ìdérí ti bo ohun inú mọ́lẹ̀, àwọn ènìyàn tí ara wọn kọ ẹyin, mílíìkì tàbí ẹ̀pà sì ṣì pọ̀ láwùjọ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó Bird ti rí.

Ètò tí ó bọ́gbọ́n mu ni pé kí a se ohun inú ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ayẹyẹ, kí a yan kéèkì ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí a sì mú wọn pàdé nígbà tí ó bá ku bí wákàtí méjì kí àlejò dé, kí èyí tí ó ní kọ́sítáàdì sì padà sínú fìríìjì títí wọn yóò fi dé. Ẹni tí kò ṣe é rí, kí ó kọ́kọ́ dán ìdajì ìwọ̀n yìí wò ní ọjọ́ tí kò sí àlejò, kí ó lè mọ ìwà ófẹ̀n rẹ̀ àti bí bọ́tà ṣe ń ṣe nínú ooru ilé rẹ̀. Owó lè ra kéèkì tí ó lẹ́wà ju èyí lọ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yan tirẹ̀ nílé lè dárúkọ gbogbo ohun tí ó fi sí i, ó mọ ọjọ́ tí ó sè é, ó sì lè gbé e fún ọmọdé àti àgbàlagbà pẹ̀lú ọkàn tí ó balẹ̀. Ìdánilójú yìí ni ẹ̀bùn tí ó níye lórí jù tí olùgbàlejò lè fún àwọn tí ó wá bá a yọ̀.